ÀWỌ̀N IRIN TÍ A FI Ń YAN ẸJA: BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́ ÀTI BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ohun èlò kan tí ó wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n tí a kì í kà sí. Ohun èlò náà ni àwọ̀n irin tí a ń gbé lé orí èédú láti fi sun ẹja tàbí ẹran, àti irú rẹ̀ tí a ń tò sínú ààrò láti fi yan ẹja gbẹ.

Ní Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ yìí, láti Abaji dé Kwali, láti Gwagwalada dé Kuje àti Bwari, àwọn ìdílé wà láàrin wa tí wọ́n ti fi ọ̀sìn ẹja àrọ̀ kún iṣẹ́ iṣu àti àgbàdo. Bí oníbàárà bá tètè dé, ẹja tútù ni a ó tà. Bí kò bá dé, ojoojúmọ́ ni ẹja inú kòtò ń jẹun, owó wa ni ó sì ń jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń yan án, kí ó lè dúró di ọjọ́ ọjà. Nínú ìgboro Àbújá pẹ̀lú, ẹja sísun jẹ́ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn púpọ̀. Mammy Market tí ó wà ní bárékè Mogadishu Cantonment ní Asokoro, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Abacha Barracks, ní òkìkí nítorí rẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ ni iṣẹ́ yìí jẹ́, orí àwọ̀n irin ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà kọjá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja àrọ̀ yíyan lọ sí ọjà. Ẹja náà sanra, ó gbẹ dáadáa, kò sì ní ìdin. Oníbàárà kan mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó sì rí ilà dúdú àti ilà pupa bí ìpẹtà ní ikùn rẹ̀. Ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹja yín ń rùn bí epo tó ti pẹ́.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdajì owó ni ìyá náà tà á. Kì í ṣe ẹja ni ó lẹ́bi. Kì í ṣe oúnjẹ tí ó fi bọ́ ẹja náà fún oṣù mẹ́fà ni ó lẹ́bi. Àwọ̀n irin tí a kò fọ̀ dáadáa láti ọjọ́ tí a ti rà á ni ó jẹ ìdajì owó náà.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn kò pọ̀: kí a ha àwọ̀n irin nígbà tí ó ṣì gbóná, kí a fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá tutù, kí a má sì jẹ́ kí ó sùn ní tútù. Àlàyé èyí ni ó kù.

OHUN TÍ Ó Ń BA ÀWỌ̀N IRIN JẸ́

Nǹkan mẹ́ta ni ó ń bá àwọ̀n irin jà. Èkíní ni ọ̀rá. Nígbà tí ẹja àrọ̀ bá wà lórí iná, ọ̀rá rẹ̀ a máa kán. Díẹ̀ a bọ́ sínú èédú, díẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ irin yóò jó di dúdú, yóò sì le bí ọ̀dà. Bí a bá tún dá iná sí i lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá àtijọ́ yìí yóò tún jó, èéfín rẹ̀ yóò sì wọ inú ẹja tuntun. Òun ni ó ń mú kí ẹja korò lẹ́nu.

Èkejì ni ìpẹtà. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ irin tí a fi ń dípẹtà. Iyọ̀ sì máa ń mú kí ó yára. Ẹja tí a fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí a tó yan án ń fi iyọ̀ sílẹ̀ sórí irin. Bí ìrì òru bá wá bá a níta, kí ilẹ̀ tó mọ́, irin ti ń pọ́n.

Ẹ̀kẹta ni èérún ẹja tí ó há sí oríkèé irin. Níbẹ̀ ni eṣinṣin ń bà sí, níbẹ̀ ni aáyán àti eku ń wá jẹun. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni kòkòrò tí ń jẹ ẹja gbígbẹ máa ń fara pamọ́ sí, títí a ó fi kó ẹja tuntun dé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí ẹja yíyan tí ó di ìyẹ̀fun nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, kì í ṣe inú apẹ̀rẹ̀ ni kòkòrò náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí àwọ̀n irin ni ó ti bá ẹja lọ.

Ẹ má ṣe sọ pé iná yóò pa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ooru ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kòkòrò mìíràn ti tu sílẹ̀ kì í bá ooru lọ.

IRÚ IRIN TÍ Ó YẸ KÍ A LÒ

Kí a tó sọ̀rọ̀ fífọ̀, ó yẹ kí a mọ irú irin tí a ní, nítorí irin mìíràn wà tí fífọ̀ kò lè sọ di ohun rere.

Irin dúdú lásán, irú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn tí ń jó irin pọ̀ ń lò, dára bí a bá ń fi òróró pa á. Ó máa ń dípẹtà bí a bá pa á tì, ṣùgbọ́n ó ṣe é tún ṣe. Stéńlẹ́ẹ̀sì ni ó dára jù, nítorí kì í tètè dípẹtà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta lè para pọ̀ ra ẹyọ kan.

Àwọ̀n tí a fi síǹkì bò, èyí tí ó ń dán bíi fàdákà, tí a fi ń ṣe ọgbà adìẹ, kò yẹ fún iná èédú. Síǹkì máa ń yọ́ ní ìwọ̀n dígírì 419 ti Celsius, èédú tí ó pọ́n dáadáa sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín síǹkì tí ó jó a máa mú òtútù àti ibà bá ẹni tí ó fà á símú. Àwọn tí ń jó irin pọ̀ mọ àìsàn yìí dáadáa. Ẹni tí ó bá ṣe é lè rò pé ibà ẹ̀fọn ni, kí ó sì máa lo oògùn ibà lórí asán. Bí ata, tòmátì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá sì kan síǹkì, ó lè yọ sínú oúnjẹ, kí ó sì mú èébì wá.

Èyí tí ó burú jù ni pẹpẹ inú fìríìjì àtijọ́ tí a máa ń ṣà ní ibi ìkó-ìdọ̀tí. Ó rí gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wá, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi cadmium bo òmíràn nínú wọn, ike ni wọ́n sì fi bo òmíràn. Májèlé ni cadmium, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwa pẹ̀lú ti lo irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ rí kí a tó mọ̀. Ẹni tí ó bá ní i nílé, kí ó mú un kúrò lórí iná lónìí.

Bákan náà ni àgbá tí a là sí méjì láti fi ṣe ààrò. Kí a béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbá tí a fi kó oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà kò gbọ́dọ̀ wọ ilé ìdáná. Bí ó bá jẹ́ àgbá epo jíjẹ tí a kun lọ́dà lára, ẹ kọ́kọ́ dá iná ńlá sínú rẹ̀ ní gbangba títí ọ̀dà náà yóò fi jó tán, kí ẹ sì ha á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ó tó kan oúnjẹ.

OHUN ÈLÒ FÚN FÍFỌ̀

Ohun tí a nílò kò jù wọ̀nyí lọ: eérú igi tí a ti jọ̀, omi gbígbóná, ọṣẹ, kànìnkànìn, igi pẹlẹbẹ kan tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ̀mú tàbí aṣọ nípọn, àkísà funfun mímọ́, àti òróró díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú eérú. Omi eérú àti ọ̀rá ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí a bá da eérú àti omi gbígbóná sí irin tí ọ̀rá wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ọṣẹ náà ni ó ń ṣe: ó ń mú ọ̀rá náà rọ̀, ó sì ń bá omi lọ. Ṣùgbọ́n eérú máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹni tí ọgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ má fi ọwọ́ lásán ṣe é. Ẹ má sì fi eérú fọ àlùmínọ́ọ̀mù, nítorí ó ń jẹ ẹ́.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́

1. Nígbà tí a bá kó ẹja kúrò, kí a fi àwọ̀n irin sílẹ̀ lórí èédú tí ó kù fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ọ̀rá tí ó kù yóò gbẹ, yóò sì di gbúrúgbúrú. Èyí wà fún àwọ̀n tí ó jẹ́ irin pátápátá. Bí a bá fi igi ṣe férémù rẹ̀, ẹ má ṣe èyí.

2. Nígbà tí ó ṣì gbóná, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á. Kí ẹ tẹ̀ lé bí ọ̀pá irin ṣe lọ, níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ má sì gbàgbé àwọn oríkèé. Ẹ lè gún ìlàjì àlùbọ́sà mọ́ fọ́ọ̀kì onígi gígùn kí ẹ fi nù ún. Omi rẹ̀ ń mú ìdọ̀tí rọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù lórí irin gbígbóná a máa mú kí ó ká kò, irin tí a dà sì lè là. Ooru omi náà sì lè bó wa lọ́wọ́ àti lójú.

4. Ẹ da eérú tàbí ọṣẹ sínú omi gbígbóná, kí ẹ rẹ irin náà sínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ wá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

5. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án, omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ. Kì í ṣe omi kòtò ẹja. Ìgbẹ́ ẹja wà nínú omi kòtò, a kò sì fẹ́ kí ó padà bá wa lórí oúnjẹ.

6. Ẹ nù ún, kí ẹ gbé e sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5 kí omi inú oríkèé lè gbẹ tán.

7. Bí ó bá jẹ́ irin dúdú, ẹ rẹ àkísà sínú òróró díẹ̀, kí ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí iná mú un títí kò fi ní rú èéfín mọ́. Òróró náà yóò gan mọ́ irin bí awọ, omi kò sì ní tètè rí ojú irin mọ́. Bí òróró bá ń kán, ó ti pọ̀ jù. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà dára fún èyí ju epo pupa lọ, nítorí epo pupa kì í gan dáadáa. Ńṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

KÍ A TÓ TÚN LÒ Ó

Kí ẹja tó kan irin, ẹ fi àkísà funfun tí ó lómi díẹ̀ nù ún. Bí àkísà náà bá dúdú tàbí tí ó bá pọ́n, ẹ padà lọ fọ irin náà. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọmọ kékeré pàápàá sì lè rí àbájáde rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí irin gbóná dáadáa, kí ẹ fi òróró pa á, kí ẹ tó tẹ́ ẹja sí i. Ẹ jẹ́ kí omi ara ẹja gbẹ kí ó tó débẹ̀. Ẹja tútù lórí irin tútù ni ó máa ń lẹ̀ tí awọ rẹ̀ fi ń ya. Ẹ má yára yí i padà. Bí awọ rẹ̀ bá ti jiná, òun fúnra rẹ̀ yóò fi irin sílẹ̀. Ẹja tí awọ rẹ̀ kò ya ni oníbàárà ń fẹ́.

Bí ìpẹtà díẹ̀ bá wà, ẹ fi iyanrìn àti eérú yún un kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi òróró pa á bí a ti wí. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti ń ṣí ní ìpele-ìpele, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ ti tínrín tí ó ń ṣẹ́, kí a gbé e lọ fún ẹni tí yóò pààrọ̀ ọ̀pá náà. Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Kí a má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tí ó ti gbó ha á. Irun irin a máa já kúrò lára rẹ̀, a lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, a sì bá ẹja wọ ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn. Ní ọdún 2012, àjọ CDC tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn ènìyàn 6 tí a tọ́jú ní Rhode Island nítorí pé wọ́n gbé irú irun irin bẹ́ẹ̀ mì. Ọ̀fun ni ó gún nínú àwọn kan, ìfun ni ó gún nínú àwọn mìíràn.

Kí a má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ kì í tán lára irin, iná sì lè gbà á mọ́ wa lára.

Kí a má fi ike, ọ̀rá ìpọnmi tàbí táyà dá iná láti fi jó ìdọ̀tí kúrò. Májèlé ni èéfín wọn, yóò sì dúró lára irin de oúnjẹ.

Kí a má gbé ẹja tí ó ti jiná padà sórí irin tàbí àwo tí ẹja tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láìfọ̀ ọ́.

Ní ìgbà ọyẹ́, kí a má gbé èédú tí ó pọ́n wọ inú yàrá, ìbáà ṣe láti fi gbẹ irin tàbí láti fi yá iná. Èédú ní èéfín kan tí a kò lè rí, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun.

ÌGBÀ ÒJÒ ÀTI ÌGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ní Àbújá, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò máa ń rọ̀. Ní àkókò yìí, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀n irin sùn síta. Ẹ so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri. Ẹ fi òróró pa á lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni ọ̀tá. Ẹ fi àpò mímọ́ bò ó, kí ẹ sì ṣàn án kí ẹ tó lò ó.

Ẹni tí ń yan ẹja lójoojúmọ́, kí ó máa ha á kí ó sì máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a kó gbogbo rẹ̀ síta, kí a gbọn eérú ààrò dànù, kí a sì wo oríkèé kọ̀ọ̀kan.

ÈÉFÍN, Ọ̀RÁ ÀTI ÌLERA WA

Nígbà tí ọ̀rá bá kán sínú iná, èéfín tí ó padà wá sókè ń gbé àwọn nǹkan kan tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo(a)pyrene. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kìló kan ẹja yíyan. Ẹni tí ó bá ń rò pé òun yóò ta ẹja sí òkèèrè lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ń jẹ ẹja náà nílé ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a rò.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Chorkor, lẹ́bàá òkun Accra ní Ghana, láti nǹkan bí ọdún 1969, àwọn olùwádìí àti àjọ FAO bá àwọn obìnrin tí ń yan ẹja tún ààrò wọn ṣe. A ń to àwọ̀n oníférémù igi léra wọn lórí rẹ̀, a sì ń pààrọ̀ ipò wọn kí gbogbo ẹja lè gbẹ dọ́gba. Irú férémù igi bẹ́ẹ̀ kò ṣe é jó lórí èédú. Omi eérú gbígbóná ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ tinú-tòde. Ní ọdún 2008, àjọ FAO tún bá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye ní Senegal ṣe ààrò mìíràn tí ó ní àwo tí ń gba ọ̀rá kí ó má bọ́ sínú iná. Àwa náà lè lo ọgbọ́n yìí. Ẹ fi pẹrẹsẹ irin kan sí àárín iná àti àwọ̀n láti gba ọ̀rá, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọ̀n irin. Bí a bá pa á tì, ọ̀rá inú rẹ̀ náà yóò gbiná.

TA NI YÓÒ ṢE É?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá ni ó ń yan ẹja, òun náà ni a sì ń retí pé yóò fọ àwọ̀n irin lóru nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Èyí ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ náà di ṣíṣe. Kí bàbá máa ha irin nígbà tí ó gbóná, kí àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà máa fọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá tutù, kí ìyá máa fi àkísà funfun yẹ̀ ẹ́ wò. Kí àwọn ọmọ kékeré jìnnà sí iná. Owó ẹja kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé, nítorí náà kí iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ṣì ń ta ẹja. Ó kó àwọ̀n àtijọ́ dànù, òun àti aládùúgbò rẹ̀ sì para pọ̀ ṣe tuntun. Nísinsìnyí, bí oníbàárà bá yí ẹja rẹ̀ padà láti wo ikùn rẹ̀, ìyá náà kì í sọ̀rọ̀. Ó ń dúró kí onítọ̀hún wò ó tán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ WA

1. Kí ni ìdí tí a fi ń ha àwọ̀n irin nígbà tí ó gbóná, ṣùgbọ́n tí a kì í da omi sí i nígbà náà?
2. Irú irin wo ni ó wà lórí ààrò yín? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?
3. Kí ni eérú ń ṣe sí ọ̀rá?
4. Kí ni ewu tí ó wà nínú pẹpẹ fìríìjì àtijọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin tí ó ti gbó?
5. Ta ni ó ń fọ àwọ̀n irin nínú ilé yín? Báwo ni a ṣe lè pín iṣẹ́ náà?

Kí olúkúlùkù mú àkísà funfun kan wá sí ìpàdé, lẹ́yìn tí ó bá ti fi nu àwọ̀n irin ilé rẹ̀. A kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa ni a jọ ń kọ́ ọ.